Ipa Orin Gbígbọ́ Lórí Másùnmáwo àti Ìlera Ọkàn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Mọ̀

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orin máa ń tu ni lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni gbogbo orin ń ṣe nínú ara. Pépà yìí ṣe àlàyé ohun tí másùnmáwo ń fojú ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ rí. Ó tọ́ka sí bí ìyára orin, ariwo rẹ̀, ìfẹ́ tí olùgbọ́ ní sí i, àti ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ṣe ń pinnu bóyá ọkàn yóò balẹ̀ tàbí yóò túbọ̀ sáré. Àpàlà, sákárà, wéré, oríkì àti orin arẹmọ ni a mú ṣe àpẹẹrẹ láti inú àṣà Yorùbá. Pépà náà fi ibi tí agbára orin mọ hàn, pàápàá fún ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì dábàá iṣẹ́ àṣefihàn kan fún kíláàsì.

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọkàn, ni a máa ń lò fún ẹ̀yà ara tí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri àti fún ibùgbé ìrònú, ìbẹ̀rù àti ìfẹ́. Bí ìròyìn burúkú bá dé bá ènìyàn lójijì, a ní àyà rẹ̀ já. Bí ó bá gbọ́ pé ewu ti kọjá, a ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé àkànlò èdè lásán ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n àyà tí ó já yẹn, ẹni tí ó bá fi ìka lé ọrùn ọwọ́ lè kà á, ọkàn tí ó balẹ̀ náà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi í hàn. Àwọn baba wa tí wọ́n so ohun méjèèjì mọ́ ọ̀rọ̀ kan kò ṣìnà.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú àwọn olùkọ́ olùkọ́ kò jìnnà. Gbogbo wa la mọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ìwé ìdánwò tí a óò máàkì wà nílẹ̀, ìrìn-àjò àbẹ̀wò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni ń bẹ lọ́nà tí kò dára, àbẹ̀wò NCCE ń bọ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ tiwa náà sì ń dúró. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a kò ti gbọ́ ọ rí pé lágbájá tí a jọ ṣèpàdé lánàá ti ṣubú lulẹ̀ lónìí. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní INTERHEART, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, tí Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀, jáde ní ọdún 2004. Ó ka ìdààmú ọkàn àti másùnmáwo mọ́ ohun 9 tí ó wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìkọlù ọkàn lágbàáyé, wọ́n jọ wà lójú ìlà kan pẹ̀lú sìgá mímu, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà.

Ohun tí másùnmáwo ń ṣe nínú ara

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan tí ó pàdé ejò ní ọ̀nà oko. Kí ó tó ronú kan ohun tí yóò ṣe, ọpọlọ ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín, wọ́n sì ti tú èròjà adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol náà yóò tẹ̀ lé e. Ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ọ̀pọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè yára dé ibi tí a ti nílò rẹ̀. Súgà tú jáde láti inú ẹ̀dọ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Ètò tó dára gbáà ni èyí, òun ló sì ń gba ẹ̀mí ènìyàn là. Bí ejò bá ti kọjá sínú igbó, láàárín ìgbà díẹ̀ ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí bí ó ti wà.

Ejò ti olùkọ́ ni kì í kọjá. Ó ń bá a lọ sí ọ́fíìsì, ó ń bá a sùn. Bí ọpọlọ bá ń ránṣẹ́ ewu lójoojúmọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í rí àyè tú palẹ̀, ọkàn sì ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba ojú ọ̀nà tóóró. Ìfúnpá tí kò kọjá nǹkan bí 120/80 ni a ń fẹ́. Bí ó bá dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kì í sábà dun ènìyàn. Ara ọkàn á máa nípọn sí i, kíndìnrín á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹni náà á sì máa sọ pé kò sí ohun tó ṣe òun.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò dá ẹṣin láìdá ìjánu. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọkàn, tí ó tún dé ìfun. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní vagus. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa ọkàn sẹ́yìn kí ó má sáré jù. Bí a bá mí sínú, ìjánu yìí á dẹ̀ díẹ̀, ọkàn á yára. Bí a bá mí síta, á tún fà, ọkàn á rọra. Ẹ lè fi ìka lé ọrùn ọwọ́ yín nísinsìnyí kí ẹ mí kanlẹ̀, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Èémí ni ẹnu ọ̀nà kan tí ó ṣí sílẹ̀ fún wa láti di ìjánu náà mú, nítorí a kò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kí ó rọra lù, ṣùgbọ́n a lè pàṣẹ fún èémí. Orin náà lè pàṣẹ fún èémí, láìjẹ́ pé a tilẹ̀ mọ̀.

Orin, èémí àti ìdákẹ́jẹ́

Luciano Bernardi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pavia ní Ítálì ṣe ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Heart ní ọdún 2006. Ènìyàn 24 ni wọ́n lò: 12 jẹ́ akọrin tàbí onílù, 12 kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Oríṣi orin mẹ́fà ni wọ́n gbọ́, orin Íńdíà tó rọra ń lọ wà níbẹ̀, orin Vivaldi wà níbẹ̀, orin techno àti rap náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí orin bá ṣe yára tó ni èémí ń yára tó, ìfúnpá àti ìlù ọkàn á sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Irú orin náà kò ṣe pàtàkì tó ìyára rẹ̀. Orin òyìnbó àtijọ́ tó ń sáré mú ọkàn sáré bí orin àwọn ọ̀dọ́ òde òní tó ń sáré ti ṣe.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ náà ni pé wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú 2 há àárín orin. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọkàn àti ìfúnpá ti sọ̀kalẹ̀ jù lọ, ó tilẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n wà kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ lórí. Orin gba àfiyèsí, ìdákẹ́jẹ́ sì tú u sílẹ̀. Àwa tí a máa ń tan rédíò láti àárọ̀ di alẹ́, tí a kì í pa á àfi tí iná bá lọ, kò dájú pé à ń rí èrè yìí gbà.

Iṣẹ́ mìíràn láti ọwọ́ Bernardi kan náà jáde ní ọdún 2001. Àwọn ènìyàn 23 ka àdúrà Rosary ní èdè Látìn, wọ́n sì tún pe ọ̀rọ̀ àwọn oníyoga. Méjèèjì fa èémí wọn sílẹ̀ dé nǹkan bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n yìí sì bá ìgbì tí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ní nínú ara mu, nítorí náà àwọn méjèèjì ran ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, wọ́n tún fi hàn pé bí orin bá ń ru sókè díẹ̀díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú awọ ara á fún pọ̀, ìfúnpá á sì tẹ̀ lé e lọ sókè. Ara ń tọ orin lẹ́yìn bí ọmọ tí ń tọ ìyá rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ orin Yorùbá kò ní ṣàì rí ìtumọ̀ nǹkan wọ̀nyí, nítorí iṣẹ́ tí orin ń ṣe ni a sábà fi ń sọ orin lórúkọ. Orin arẹmọ wà fún ọmọ tí ń sunkún. Ó rọra ń lọ, ohùn rẹ̀ kì í fò sókè lójijì, ìyá á sì máa mì lẹ́sẹ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Wéré, tí àwọn kan ń pè ní ajísààrì, jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Nínú oṣù ààwẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí kí wọ́n lè jẹ sààrì, láti inú rẹ̀ sì ni àwọn bí Síkírù Àyìndé Barrister ti mú orin fújì jáde. Orin tí a dá sílẹ̀ láti jí ènìyàn lójú oorun, a kò lè bínú sí i pé kò jẹ́ kí a sùn. Mo fẹ́ràn fújì. Mo kàn ń sọ pé kò yẹ kí ó jẹ́ òun ni a óò gbọ́ ní aago 11 alẹ́ lẹ́yìn ìpàdé tí ọ̀rọ̀ ti le. Àpàlà Haruna Ishola, tí ó jókòó ti agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí kò kánjú lọ ibì kankan, sàn fún irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ pé orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀, wọ́n mọ̀ pé orin lè gbé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn gbóná kí ìjà tó dé.

Orí tí ó wú

Ìyára orin nìkan kọ́ ni ọ̀ràn. Bí a bá ki Yorùbá ní oríkì ìdílé rẹ̀, tí onílù gba ẹnu akéwì tí ó fi ìyá ìlù tún un sọ, ẹni náà á ní, orí òun wú. Irun ara rẹ̀ á dìde, nǹkan á máa rìn ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i yìí, àwọn onímọ̀ ọpọlọ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2011, Valorie Salimpoor àti Robert Zatorre pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì McGill ní Kánádà lo àwọn ènìyàn tí orin máa ń mú ara wọn gbọ̀n lọ́nà yìí. Orin tí olúkúlùkù yàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi gbọ́, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ rẹ̀. Ọpọlọ tú èròjà dopamine jáde, èyí tí ó máa ń tú jáde fún oúnjẹ aládùn. Apá kan nínú ọpọlọ tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí orin tó dé ibi tí ó dùn jù, nítorí olùgbọ́ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹni tí ó mọ oríkì rẹ̀ dáadáa, tí ó ń dúró de gbólóhùn tó kàn, ibẹ̀ gan-an ló wà.

Kí ni èyí kan ọkàn? Michael Miller àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà dáhùn rẹ̀ nínú ìwádìí kékeré kan tí ó jáde ní ọdún 2010. Ènìyàn 10 péré ni. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú orin tí ó máa ń fún un láyọ̀ wá, ṣùgbọ́n kí ó má gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí adùn rẹ̀ má baà ti ṣá. Bí wọ́n ti ń gbọ́ orin ayọ̀ náà, agbára tí iṣan ẹ̀jẹ̀ apá wọn ní láti fẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbọ́ orin tí ó máa ń kó ìpayà bá wọn, ó wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 6. Iṣan tí ó lè fẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń rí gba inú rẹ̀ kọjá láìsí wàhálà. Ènìyàn 10 kò pọ̀, a kò sì lè fi wọ́n ṣe òfin fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n tọ́ka sí bá ohun tí a ti rí mu.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orin Mozart nìkan ni ó ń wo ọkàn sàn, ẹ má gbà. Ọ̀rẹ́ wa tí ó jẹ́ Haúsá ní orin kalangu tirẹ̀, ará Ìgbò ní fèrè ọ̀jà, gòjé tí àwọn ará Àríwá ń ta kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá tí ó gbọ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí. Ohun tí ó mú orí mi wú lè máà mú ìka ọwọ́ tirẹ mì. Ìyẹn ni mo ṣe rò pé rédíò ńlá kan ṣoṣo fún gbogbo yàrá òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìtọ́jú fún ẹnikẹ́ni. Ẹni kan ń gbádùn, àwọn mẹ́ta ń fara dà á.

Ariwo

Bí bàtá bá dún ládùnjù, yíya ní í ya. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ohun tí ó dé 80 decibel kọjá wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Etí ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò, ṣùgbọ́n ara ń gba ariwo bí ìkìlọ̀ ewu, adrenaline ń jáde, iṣan ń fún pọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a kọjú rẹ̀ sí ilé àwọn aládùúgbò di ọ̀gànjọ́ òru, ì báà jẹ́ ti òde àríyá tàbí ti ilé ìjọsìn, kò lè sọ pé òun ń tu ẹnikẹ́ni lára.

Ibi tí agbára orin mọ

Akẹgbẹ́ mi kan gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé bí ènìyàn bá ń gbọ́ irú orin báyìí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, kò nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Ó gbà á gbọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́, ó ń sùn dáadáa, nítorí náà ó gbé oògùn jù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbi ètò àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ kan, ó wà ní 190/115. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí ó dá wa ọkọ̀ lọ sílé. Ara tí ó tù ú ni ó tàn án jẹ, torí ó rò pé ìtura àti ìwòsàn jẹ́ ohun kan náà.

Ẹ wo ohun tí àkójọ ìwádìí fi hàn. Joke Bradt, Cheryl Dileo àti Noah Potvin kó ìwádìí 26 jọ fún Cochrane ní ọdún 2013, àwọn aláìsàn ọkàn tí ó wà nínú wọn jẹ́ 1,369. Orin gbígbọ́ dín ìpayà kù, pàápàá fún àwọn tí ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù. Ó dín nọ́ńbà òkè ìfúnpá kù ní nǹkan bí 5 sí 6, ó sì dín ìlù ọkàn kù ní nǹkan bí 3 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó dára ni, kò sì ná ènìyàn ní ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ 6 kúrò nínú 190 kí ẹ wo ohun tó kù.

Àní másùnmáwo pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ràn sí orin lẹ́nu. Ní Zürich, Myriam Thoma àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi obìnrin 60 tí ara wọn le sí ipò másùnmáwo, ìwádìí náà sì jáde ní ọdún 2013. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan gbọ́ orin tó tuni lára, àwọn kan gbọ́ ìró omi tí ń ṣàn, àwọn yòókù kàn sinmi láìgbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó gbọ́ orin ni ara wọn tètè padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìdààmú náà, bí èròjà kan nínú itọ́ wọn ti fi hàn. Ṣùgbọ́n cortisol wọn kò kéré. Àwọn tó gbọ́ ìró omi ni cortisol tiwọn kéré jù. Ó hàn gbangba pé ìrànlọ́wọ́ tí orin ń ṣe máa ń hàn jù lẹ́yìn wàhálà, nígbà tí ara ń wá ọ̀nà àtipadà sílé.

Iṣẹ́ àṣefihàn fún kíláàsì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE lè fi ara wọn rí èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí a ti sọ. Aago ọwọ́ àti fóònù kan tó nípọn ní ohùn ti tó. Bí ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ kan bá wà ní ilé ìwòsàn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n lè yá yín, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Kí ó fi ìka méjì, kì í ṣe àtàńpàkò, lé ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàńpàkò ọwọ́ kejì, kí ó ka ìlù ọkàn fún odidi ìṣẹ́jú 1. Kí ẹ fi orin tó rọra ń lọ sí i fún ìṣẹ́jú 5, kí ó tún kà. Kí ẹ pa orin, kí gbogbo kíláàsì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí ó tún kà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin tó ń sáré sí i, kí ẹ ṣe bákan náà. Lọ́jọ́ kejì, orin tó ń sáré ni kí ó ṣáájú, kí ètò orin má baà tàn yín jẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú èdè rẹ̀, kí ó sì sọ bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti wà ní kíláàsì kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin ara wọn. Olùkọ́ èdè, olùkọ́ orin àti olùkọ́ báyọ́lọ́jì lè jọ darí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó ti jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ẹ̀rọ bá fi 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn fún léraléra, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ darí rẹ̀ sí kí ẹ tó ka nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù.